Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ń tọ́jú àwọn àgbà dáadáa nínú ilé ìtọ́jú kan: ẹ wo ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀

Ọdún 6 ni mo fi ṣe ṣíìfù alẹ́ nínú ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí nọ́ọ̀sìn hóòmù, ìṣojú mi sì ni púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣe ṣẹlẹ̀. Màmá kan wà ní yàrá tó kángun sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, apá ọ̀tún wọn ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan mo wọlé, mo bá ife omi lórí tábìlì wọn, ó kún dẹ́nu, apá ọ̀tún ni wọ́n gbé e sí, apá tí kò ṣiṣẹ́ yẹn gan-an o. Mo wá ṣí ṣáàtì, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Màmá mu mìlílítà 200 ní aago 2 ọ̀sán, 200 ní aago 4, 200 ní aago 6. Ife yẹn ò kúrò lójú kan látàárọ̀, eruku ti bo ojú omi, ètè Màmá ti là, ahọ́n wọn gbẹ bí awọ. Tí ẹ bá wá rí iwájú ilé yẹn ṣá, òdòdó lọ́tùn-ún lósì, àga aláwọ, tẹlifíṣọ̀n ńlá, gbogbo ẹni tó bá wá wo ilé ló máa ń ní "áà, ibí yìí mà dáa o".

Látìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo lòun ṣe máa mọ ilé tó dáa tí òun lè gbé òbí òun lọ, ohun kan náà ni mo máa ń sọ. Ẹ fojú wá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè dá dìde, tí ẹbí ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yọjú, kí ẹ wo bí ara ẹ̀ ṣe rí. Ìtọ́jú tí ìyẹn ń rí gbà ni ìtọ́jú ilé yẹn. Ẹni tó lè pariwo, wọ́n á dá a lóhùn níbikíbi tó bá wà, kódà nílé tó burú jù.

Kí ẹ tó lọ wo ilé rárá

Ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Avedis Donabedian kọ ọ́ ní 1966 pé ọ̀nà 3 lèèyàn lè gbà mọ bí ìtọ́jú ṣe dáa tó: ohun tí wọ́n ní, ohun tí wọ́n ń ṣe, àti ohun tó ń tìdí ẹ̀ yọ. Ìwé ìpolówó àwọn ilé yìí, ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni wọ́n máa ń sọ, yàrá báyìí, ọgbà báyìí, bẹ́ẹ̀dì oníná báyìí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Méjì tó kù lẹ̀yin fẹ́ mọ̀.

Tí orílẹ̀-èdè tí ẹ wà bá ní àjọ tó ń yẹ ilé ìtọ́jú wò, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Ní England, CQC ló ń ṣe é, ipò 4 ni wọ́n sì ní, látorí ilé tó ta yọ dé èyí tí kò kúnjú ìwọ̀n rárá. Ní Amẹ́ríkà, ìràwọ̀ 1 sí 5 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, fi ń díwọ̀n wọn, ohun 3 ni wọ́n sì pò pọ̀: ohun tí àwọn aláyẹ̀wò bá níbẹ̀, iye òṣìṣẹ́, àti àkọsílẹ̀ nípa ìlera àwọn tó ń gbé inú ilé. Ẹ má kàn wo àpapọ̀ ìràwọ̀ kí ẹ máa lọ o, torí púpọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìlera yẹn, ilé fúnra wọn ló ń kọ ọ́ ránṣẹ́, ta ló sì máa fẹnu ara ẹ̀ ba ara ẹ̀ jẹ́. Iye òṣìṣẹ́ àti ohun tí aláyẹ̀wò fojú ara ẹ̀ rí ni kí ẹ gbára lé. Àléébù kan ṣoṣo kì í bà mí lẹ́rù, kò sílé tí kò ní. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí wọ́n rí àléébù lọ́dún tó kọjá, kí wọ́n padà wá lọ́dún yìí, kí wọ́n tún bá a níbi tí wọ́n fi í sí.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ

Ẹ kọ́kọ́ lọ bí wọ́n ṣe ní kí ẹ wá, kí máníjà mú yín yíká, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ wá lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìrọ̀lẹ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè, lásìkò oúnjẹ alẹ́. Ìgbà yẹn lòṣìṣẹ́ máa ń dín kù, ìgbà yẹn náà niṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, torí gbogbo èèyàn ló fẹ́ jẹun, tí wọ́n fẹ́ tọ̀, tí wọ́n fẹ́ sùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tó bá ní àyàfi aago 10 sí 12 láàárín ọ̀sẹ̀ lẹ lè wá, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé. Yàtọ̀ sí pé àrùn kan ń jà nínú ilé lọ́wọ́, mi ò tíì gbọ́ ìdí gidi kan.

Imú yín ló máa kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Tí òórùn ìtọ̀ bá wà níwájú yàrá kan, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sára ni, ìyẹn ò burú. Tó bá ń rùn látẹnu ọ̀nà dé ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọnú kápẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ó ti pẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé lọ́fínńdà ló ń ta yín nímú, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ wá wo aago ìpè, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé, tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, iná á tàn lókè ilẹ̀kùn. Ẹ yọ fóònù kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú. Kì í ṣe ìgbà tẹ́nì kan bá yọjú wọlé tó pa iná lẹ máa dáwọ́ ìkà dúró o, ó di ìgbà tí wọ́n bá ṣe ohun tí onítọ̀hún tìtorí ẹ̀ pè. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé "mò ń bọ̀, Màmá" ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á pa iná, wọ́n á bá tiwọn lọ, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ pé ìṣẹ́jú 1 ni wọ́n fi dáhùn. Ẹ tún wo ibi tí aago yẹn wà fún àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ tó o àbí wọ́n ti ká a kọ́ ara ògiri? Èyí tí mo bá lára ògiri níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kọ́.

Ẹ ò ní já wọ yàrá onílé o, ilé wọn ni, ẹ fọ̀wọ̀ fún wọn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa lé yín tí ẹ bá jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń kó wọn jọ sí fún wákàtí kan. Tó bá jẹ́ aago 10 àárọ̀ tí gbogbo wọn ń sùn, tí orí ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sẹ́ni tó ń jà, tí kò sẹ́ni tó ń ṣàròyé, ẹ fura sóògùn. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí kò lè dá jẹun lóúnjẹ, ṣé òṣìṣẹ́ jókòó tì wọ́n, tó dúró kí wọ́n gbé ti ẹnu mì kó tó gbé ṣíbí mìíràn, àbí ó dúró lé wọn lórí, fóònù lọ́wọ́ kan, ṣíbí lọ́wọ́ kejì. Ẹ sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe àgbàlagbà ní "bẹ́ẹ̀dì 12", tèmi ti parí níbẹ̀.

Ìbéèrè fún máníjà: nọ́ọ̀sì mélòó ló máa ń wà lórí iṣẹ́ lóru, àwọn olùtọ́jú mélòó fún èèyàn mélòó? Mélòó nínú wọn ló jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé, mélòó ló jẹ́ ti ẹ́jẹ́ńsì tó máa wá lónìí tí kò ní wá lọ́la? Ẹni tó dé lónìí ò lè mọ̀ pé Bàbá kì í sábà dákẹ́ báyìí. Máníjà tó wà ṣáájú ìwọ ńkọ́, ìgbà wo ló lọ? Èèyàn mélòó ló ṣubú lóṣù tó kọjá, kí lẹ yí padà lẹ́yìn ẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ilé tó dáa á sọ iye fún yín, á ní a ti gbé bẹ́ẹ̀dì Bàbá kan wálẹ̀, a ti yẹ oògùn wọn wò. Ilé tó bá ní ẹnikẹ́ni kì í ṣubú níbí, irọ́ ni wọ́n ń pa.

Tí máníjà bá kúrò nítòsí, ẹ fọgbọ́n bi òṣìṣẹ́ kan pé ṣé ó lè gbé ìyá tiẹ̀ wá síbí. Ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ o. Ojú ẹ̀ ni kí ẹ wò.

Lẹ́yìn tí òbí yín bá ti wọlé

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ó ti parí. Ẹ máa lọ ní àkókò tó yàtọ̀ síra, ọjọ́ kan láàárọ̀, ọjọ́ kan lálẹ́, kí wọ́n má lè dá ọjọ́ yín mọ̀. Tí ẹ bá ti kí wọn tán, ẹ ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, kí ẹ wo gìgísẹ̀.

Mo sọ gìgísẹ̀ torí egbò ìdùbúlẹ̀ ló máa ń tú àṣírí ilé. Ohun tó ń fà á ni pé tí èèyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun á tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè débẹ̀, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kì í sì í gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ. Egungun ìdí ló máa ń mú jù, àti gìgísẹ̀, ìgbáròkó, ìgbọ̀nwọ́, ìpàkọ́, kódà ẹ̀yìn etí fún ẹni tí wọ́n fi rọ́bà ọ́síjìn sí nímú. Wọ́n ní wọ́n máa ń wò ó pé kí ara pọ́n, tí ẹ bá wá fìka tẹ ẹ́ tí kò funfun, egbò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ ni, fún ara tó funfun. Ara dúdú bíi tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ́n, ẹ máa wo ibi tó bá dúdú ju ibi tó yí i ká lọ tàbí tó ń ṣe bí àwọ̀ pọ́pù, kí ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ṣé ó gbóná ju àyíká ẹ̀ lọ àbí ó tutù jù, ṣé ó le gbagidi àbí ó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ṣé Màmá yín fajú ro bí ẹ ṣe kàn án. Ìpele 4 ni wọ́n pín egbò yìí sí, tó bá fi máa dé ìkẹrin, egungun lè ti hàn síta, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó wà ní ìkínní, kí wọ́n sáà ti gbé èèyàn kúrò lórí ibẹ̀ ni, ó lè san.

Ẹ bi wọ́n pé máàkì mélòó ni Màmá gbà nínú ìwọ̀n Braden, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń lò látọdún 1987 láti fi mọ ẹni tí egbò ìdùbúlẹ̀ lè tètè mú. Láti 6 dé 23 ni, bó ṣe kéré sí i ló ṣe léwu sí i, tó bá ti di 18 wálẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ètò kan pàtó fún wọn: bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́, àkókò tí wọ́n á máa yí wọn padà, wákàtí 2-2 ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń lò, ìrọ̀rí lábẹ́ iṣan ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá rí i tí wọ́n ń fọwọ́ ra ibi tó ti ń yí àwọ̀ padà, tàbí tí wọ́n gbé tìmùtìmù roboto oníhò sábẹ́ ìdí wọn, ẹ ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, méjèèjì ń ba ibẹ̀ jẹ́ sí i ni.

Ẹ wá jẹ́ n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Alẹ́ ọjọ́ kan, àwa 2 ló yẹ ká wà lórí iṣẹ́, ẹnì kejì mi ò wá, èèyàn 28 ló sì wà lọ́rùn mi. Ní aago 3 òru mo jókòó mo kọ ọ́ sínú ṣáàtì pé mo yí gbogbo wọn padà ní aago 12, aago 2, mo tún kọ aago 4 tí kò tíì tó sílẹ̀. Àwọn 11 ni mo lè yí. Mo mọ̀ ọ́n, ọkàn mi ò balẹ̀, mo ṣáà kọ ọ́, torí wọ́n ti sọ fún wa pé ṣáàtì tó bá ṣófo, owó oṣù ẹni ló máa ge. Torí náà tí ẹ bá rí ṣáàtì tó mọ́ tónítóní, aago 12:00, 2:00, 4:00, 6:00 géérégé, bíírò kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹ má fi inú dídùn pa á dé. Ṣáàtì òótọ́ máa ń rí játijàti, 12:10, 2:35, "ó kọ̀ kí n yí òun, mo padà wá ní 3:00".

Omi àti oúnjẹ. Àgbà kì í tètè mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, kò dìgbà tí wọ́n bá bèèrè. Ìtọ̀ tó pọ́n bíi tíì, ẹnu gbígbẹ, ọyè tó ṣàdédé dàrú, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Kí wọ́n máa wọn Màmá lóṣooṣù, kí wọ́n fi nọ́ńbà yẹn hàn yín. Tí ìdá 5 nínú 100 ìwọ̀n ara bá lọ láàárín oṣù kan, tàbí ìdá 10 láàárín oṣù 6, nǹkan ń ṣe wọ́n: ẹni tó wọn kílò 60 tó wá di 57 lóṣù kan ti wọnú ẹ̀. Ẹ wo ẹnu wọn, ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń sọ pé kò fẹ́ jẹun, eyín àtọwọ́dá ẹ̀ ló sọ nù sínú aṣọ tí wọ́n kó lọ fọ̀. Kí wọ́n jókòó gbọnrangandan tí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ máa ń di òtútù àyà, òtútù àyà sì máa ń pa àgbà.

Oògùn wá ńkọ́? Ẹ gba orúkọ gbogbo ohun tí wọ́n ń lò sílẹ̀, kí ẹ bèèrè lórí ìkọ̀ọ̀kan pé nítorí kí ni. Èyí tó yẹ kí ẹ dúró lé lórí ni àwọn oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú wèrè tí wọ́n wá ń fún ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé kó lè dákẹ́. Ní 2005, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó le jù tí wọ́n ní sára ìran tuntun nínú àwọn oògùn yẹn, pé ó ń mú kí ikú pọ̀ sí i láàárín àwọn àgbà tó ní àrùn ìgbàgbé, ní 2008 wọ́n fi sára àwọn ti àtijọ́ náà. Kì í ṣe pé kò sígbà kankan tó lè wúlò, àmọ́ kí dókítà sọ ìdí ẹ̀ fún yín, kó sọ ọjọ́ tó máa tún un wò. Ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró o, ìyẹn náà léwu.

Tí Màmá tí ọyè wọn pé lánàá bá wá ń sọ ìsọkúsọ lónìí, tí wọ́n ní "ọjọ́ orí ni", ẹ má gbà. Ọjọ́ orí kì í dé láàárín òru kan. Ohun tó máa ń fà á ni kòkòrò nínú ìtọ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, àìmomi tó, àìrígbẹ́yà, oògùn tuntun, ìrora tí wọn ò lè sọ. Ẹ ní kí dókítà wá lọ́jọ́ náà. Èyí tí kì í pariwo, tó kàn ń sùn ṣáá, ni wọ́n máa ń gbójú fò jù.

Ìṣubú: bàtà tó fún ẹsẹ̀ mú, iná tó mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru, gíláàsì ojú tó wà lójú wọn tí kì í ṣe nínú dúróà, kí wọ́n jókòó díẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó dìde. Àwọn irin tí wọ́n ń gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́, àwọn ẹbí ló máa ń bẹ̀bẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ọyè ẹ̀ dàrú á gun un kọjá, ibi tó ga jù ló ti máa já wálẹ̀, àwọn mìíràn sì ti há orí sí àárín ẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀dì tó lè lọ sílẹ̀ pátápátá pẹ̀lú tìmùtìmù nílẹ̀ dáa jù ú lọ. Ká tún má gbàgbé pé tí wọ́n bá dè èèyàn mọ́ àga, ara á di yẹpẹrẹ, ìṣubú á wá pọ̀ sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú u.

Ọwọ́ fífọ̀ ò gba àlàyé púpọ̀. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ìgbà 5: kó tó fọwọ́ kan èèyàn, kó tó ṣe ohun tó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní bí egbò wíwẹ̀, lẹ́yìn tó bá kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀, lẹ́yìn tó bá kan èèyàn, lẹ́yìn tó bá kan ohun tó yí i ká. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ò rọ́pò ẹ̀. Ẹni tó bá wọ ìbọ̀wọ́ kan náà láti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ara ẹ̀ ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ti Màmá. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá sì wọlé, ọṣẹ àti omi ni o, torí kòkòrò C. difficile tó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ọtí tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ ò lè pa á tó bá ti wà nínú èèpo líle ẹ̀.

Tí ẹ bá rí ohun tí kò dáa

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ọjọ́, aago, ohun tí ẹ rí, ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ohun tó fèsì. "Wọn ò tọ́jú Màmá dáadáa" ò ṣeé mú lọ síbì kankan, "Tuesday, aago 6:40, dáyápà ti kún dé ẹ̀yìn, mo tẹ aago, 7:25 ni wọ́n dé" ni wọn ò ní lè jiyàn ẹ̀. Ẹ bá nọ́ọ̀sì tó wà lórí iṣẹ́ sọ ọ́, tí kò bá yí padà ẹ kọ ọ́ sí máníjà, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n máa fèsì, tí ìyẹn náà ò bá yọrí sí nǹkan, ẹ gba ọ̀dọ̀ àjọ tó ń yẹ wọ́n wò lọ. Ẹ má lọ bú ọmọdébìnrin tó ń ṣiṣẹ́ èèyàn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, òun kọ́ ló ṣètò iye òṣìṣẹ́.

Àmọ́ tí ẹ bá rí ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti kú sí lápá méjèèjì bí ibi tí èèyàn ti dì mú, tàbí tí Màmá ń gbọ̀n tí òṣìṣẹ́ kan bá wọlé, ẹ má tẹ̀lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan. Ẹ ya fọ́tò, ẹ pe dókítà, ẹ pe ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà.

Tí ẹ bá sì pinnu pé ẹ máa gbé wọn kúrò, ẹ mọ̀ pé kíkó kúrò níbì kan lọ síbòmíì máa ń mú àgbà lómi, pàápàá ẹni tó ní àrùn ìgbàgbé, torí náà tí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ewu, ẹ rí ibi tuntun kẹ́ ẹ sì tún wò ó ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ tó kó ẹrù. Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ gba ìwé oògùn wọn pẹ̀lú aago tí wọ́n lo èyí tó kẹ́yìn, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín wo ara wọn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i.